Láti orí pápá dé orí àga ìjọba: ibi tí ọ̀nà ti já

Ní ọjọ́ 11 oṣù Kẹsàn-án ọdún 2018, Ààrẹ orílẹ̀-èdè kan wọ ṣòkòtò péńpé, ó ki ẹsẹ̀ bọ bàtà bọ́ọ̀lù, ó sì jáde sórí pápá ní Monrovia láti kojú Super Eagles. Ẹni ọdún 51 ni George Weah nígbà náà, kò sì tíì ju oṣù mẹ́jọ lọ tó gorí àlééfà ní Làìbéríà. Ìfẹsẹ̀wọnsẹ̀ ọlọ́rẹ̀ẹ́-sọ́rẹ̀ẹ́ ni. Wọ́n fi dá a lọ́lá, kí ẹnikẹ́ni má baà tún wọ jásì 14 tó máa ń wọ̀ mọ́. Nàìjíríà ló borí, ayò méjì sí ẹyọ kan, ṣùgbọ́n Ààrẹ sáré fún ìṣẹ́jú 79 kí wọ́n tó fi ẹlòmíràn rọ́pò rẹ̀. Gómìnà mélòó ló wà nílẹ̀ yìí tó lè gun àtẹ̀gùn ilé alájà méjì láìdúró mí?

Ní ìdí àwọn tó ń ta ìwé ìròyìn ní Lágere, nílùú Ilé-Ifẹ̀ níbí, ọ̀rọ̀ bọ́ọ̀lù àti ọ̀rọ̀ òṣèlú kì í ní ààlà. Àwọn tí kì í ra ìwé ìròyìn, tí wọ́n kàn máa ń dúró ka àkọlé rẹ̀ tán kí wọ́n tó gba ibi iṣẹ́ lọ, àwọn náà ló máa ń pín ipò ìjọba fún ẹni tó bá wù wọ́n. Ìbéèrè Weah kì í pẹ́ jẹ yọ láàárín wọn. Nàìjíríà tó bí àwọn tó gba ife ẹ̀yẹ Áfíríkà, tó bí àwọn tó gba góòlù ní Atlanta lọ́dún 1996, kí ló dé tí kò sí ẹnì kan láti Green Eagles tàbí Super Eagles tó tíì di Ààrẹ, tí kò sì sí èyí tó tíì di gómìnà?

Ìdáhùn méjì ló wọ́pọ̀. Àwọn kan ní ẹsẹ̀ ni ọpọlọ àwọn eléré ìdárayá wà, kò sí lórí. Àwọn kan ní owó ni wọn kò ní. Mo yẹ méjèèjì wò, èmi ò sì rí èyí tó lè dá dúró. Àwọn tí kò kàwé rẹpẹtẹ ti ṣe ìjọba nílẹ̀ yìí, àwọn eléré tó lówó ju ọ̀pọ̀ sẹ́nétọ̀ lọ sì wà nílé wọn tí wọn ò dé ibì kankan. Lójú tèmi, àkàsọ̀ ni ọ̀rọ̀ náà dá lé. Níbi tí ìpele ìsàlẹ̀ àkàsọ̀ bá ti lágbára, ẹni tó fi ọwọ́ tàbí ẹsẹ̀ ṣeré á gùn ún bí ẹnikẹ́ni. Níbi tí wọ́n bá ti yọ ìpele ìsàlẹ̀ sọnù, ẹni tó bá ní bàbá ìsàlẹ̀ nìkan ló ń gòkè.

Ẹ jẹ́ ká gba ọ̀nà jíjìn bọ̀, láti ìdí eré tí a kì í sábà ṣe níhìn-ín. Béèsìbọ́ọ̀lù ni wọ́n ń pè é ní Amẹ́ríkà. Ẹnì kan á ju bọ́ọ̀lù kékeré kan tó le bí òkúta, ẹnì kejì á di kóńdó mú, á fẹ́ gbá a lọ jìnnà kó lè ráyè sáré yí àmì mẹ́rin po. Iṣẹ́ ẹni tó ń ju bọ́ọ̀lù ni pé kí onítọ̀hún má rí i gbá. Jim Bunning, ọmọ Kentucky tí wọ́n bí ní 1931, mọ iṣẹ́ yìí débi pé ní ọjọ́ 21 oṣù Kẹfà 1964, nígbà tó ń ṣeré fún Phillies ti Philadelphia, ìgbà 27 ni àwọn ọmọ ẹgbẹ́ Mets ti New York di kóńdó mú níwájú rẹ̀, tí ẹyọ ẹnì kan nínú wọn kò dé àmì àkọ́kọ́. Àyájọ́ àwọn bàbá ni ọjọ́ náà lọ́dọ̀ wọn. Ó sì bá a mu, nítorí ọmọ mẹ́sàn-án ni Bunning àti ìyàwó rẹ̀ bí kí wọ́n tó sinmi.

Ó ṣeré láti 1955 dé 1971, ó borí nínú ìdíje 224, ó sì fi ọwọ́ jíjù lé 2,855 ẹni tó di kóńdó mú kúrò níwájú rẹ̀. Ṣùgbọ́n ohun tí mo fẹ́ kí ẹ fi sọ́kàn ni ti ọdún 1966. Àwọn eléré béèsìbọ́ọ̀lù ń wá ẹni tí yóò darí ẹgbẹ́ òṣìṣẹ́ wọn, Bunning sì wà lára àwọn tó wá Marvin Miller kàn, agbẹnusọ òṣìṣẹ́ irin tó padà sọ ẹgbẹ́ náà di alágbára tí àwọn olówó tó ni ẹgbẹ́ agbábọ́ọ̀lù ń bẹ̀rù. Ibẹ̀ ni Bunning ti kọ́ bí wọ́n ṣe ń jókòó nídìí tábìlì fi ọ̀rọ̀ jà. Pé ẹni tó bá òṣìṣẹ́ jà báyìí padà wá di ọ̀kan lára àwọn sẹ́nétọ̀ tó le jù sí owó ìjọba, ẹ bá mi bi òṣèlú léèrè.

Nígbà tó fi eré sílẹ̀, kò dìde lọ bá wọn du ipò Ààrẹ. Ìgbìmọ̀ ìlú Fort Thomas ló ti bẹ̀rẹ̀ ní 1977, ìlú kékeré kan tí kò tó igun kan Ilé-Ifẹ̀. Ọdún méjì lẹ́yìn náà ó wọ ilé aṣòfin ìpínlẹ̀ Kentucky. Ní 1983 ó du ipò gómìnà, Martha Layne Collins fẹ̀yìn rẹ̀ gbálẹ̀. Kò jáwọ́. Wọ́n dìbò yàn án sí ilé aṣojú-ṣòfin ní Washington lọ́dún 1986, ó sì wọ ilé ìgbìmọ̀ aṣòfin àgbà nínú ìdìbò 1998, níbi tí ìbò tó fi borí kò ti pé 7,000. Ó lo ọdún 12 níbẹ̀. Lọ́dún 1996, nígbà tó ṣì jẹ́ aṣòfin, wọ́n gbé orúkọ rẹ̀ sí gbọ̀ngàn àwọn akọni béèsìbọ́ọ̀lù ní Cooperstown. Nínú gbogbo eléré tí orúkọ wọn wà níbẹ̀, òun nìkan ló tíì jókòó ní ilé aṣòfin àpapọ̀ Amẹ́ríkà.

Ṣé aṣòfin rere ni? Ní oṣù Kẹta 2005, nígbà tí ilé aṣojú-ṣòfin ń wádìí àwọn tó ń lo oògùn agbára nínú béèsìbọ́ọ̀lù, Bunning lọ jẹ́rìí, ó sì fi ẹnu ẹni tó ti ṣe iṣẹ́ náà sọ̀rọ̀. Àǹfààní tí eléré lè mú wọlé nìyẹn. Àmọ́ ní ìbẹ̀rẹ̀ 2010, òun nìkan ló dúró gbọn-in, tó dí owó ìrànwọ́ àwọn tí iṣẹ́ bọ́ lọ́wọ́ wọn lọ́nà fún ọjọ́ bíi mélòó kan, ó ní kí wọ́n kọ́kọ́ sọ ibi tí owó náà yóò ti wá. Ọ̀rọ̀ rẹ̀ ti sú àwọn ọmọ ẹgbẹ́ òṣèlú rẹ̀ pàápàá nígbà náà, kò sì tún díje mọ́. Ó kú ní 2017. Èèyàn líle ni, kò sì sí ẹni tó lè sọ pé ẹ̀rín àti òkìkí ló gbé e débẹ̀. Ìpele sí ìpele ló gùn.

Weah ló sún mọ́ wa jù, ọ̀dọ̀ rẹ̀ sì ni mo fẹ́ dúró pẹ́ sí. Clara Town ni wọ́n ti bí i ní 1966, àdúgbò àwọn mẹ̀kúnnù ní Monrovia, ìyá bàbá rẹ̀ ló sì tọ́ ọ. Láti Tonnerre ti Yaoundé, ẹgbẹ́ kan náà tí IICC Shooting Stars ti Ìbàdàn lù gba ife ẹ̀yẹ Áfíríkà ní 1976, ni Arsène Wenger ti mú un lọ sí Monaco ní 1988. Ó kọjá sí Paris, ó kọjá sí Milan, ó sì di agbábọ́ọ̀lù tó dára jù lágbàáyé ní 1995. Títí di òní olónìí kò sí ọmọ Áfíríkà mìíràn tó gba Ballon d'Or.

Gbogbo àsìkò yìí, ogun ń jó Làìbéríà. Apò ara rẹ̀ ni Weah ti ń sanwó ọkọ̀ òfurufú àti aṣọ eré ikọ̀ orílẹ̀-èdè rẹ̀. Nígbà tí wọ́n ń du àyè ìdíje ife ẹ̀yẹ àgbáyé 2002, àmì 15 ni Làìbéríà ní, Nàìjíríà ní 16. Àmì ẹyọ kan péré la fi gba àyè náà mọ́ wọn lọ́wọ́, ẹni tó sì kó Super Eagles lọ síbẹ̀ gẹ́gẹ́ bí akọ́nimọ̀ọ́gbá ni Olóyè Adégbóyè Oníìgbìndé, ọmọ Modákẹ́kẹ́ tó bá wa pààlà níbí. Ká ní Làìbéríà lọ, bóyá Weah ì bá ti di Ààrẹ ṣáájú ọdún tó dé e. Mo mọ̀ pé àwàdà ni, ṣùgbọ́n àwọn ará Monrovia tó lè gbà á gbọ́ kò ní ṣọ̀wọ́n.

Nígbà tí ogun parí, ìdìbò 2005 dé, Weah kò wo ọ̀tún wo òsì, ipò Ààrẹ ló dojú kọ. Ní ìpele àkọ́kọ́ ó gba ìdá 28.3 nínú ọgọ́rùn-ún, Ellen Johnson Sirleaf gba 19.8. Àfi bí ìpele kejì ṣe yí padà: Sirleaf 59.4, Weah 40.6. Obìnrin tó ka ìwé ní Harvard, tó ti ṣiṣẹ́ ní Báǹkì Àgbáyé, dojú kọ ọkùnrin tí àwọn alátakò rẹ̀ ń fi ìwé tí kò kà ṣe ẹlẹ́yà. Àwọn olólùfẹ́ rẹ̀ fárí gá, wọ́n ní èrú ni. Òun náà kọ́kọ́ bínú.

Ohun tó ṣe lẹ́yìn ìgbà náà ló yà mí lẹ́nu. Ó padà sí iléèwé. Ọkùnrin tí gbogbo Yúróòpù mọ̀ jókòó sídìí ìwé, ó sì gba oyè nínú ìmọ̀ ìṣòwò ní Yunifásítì DeVry ní Amẹ́ríkà. Ní 2011, ó gbà láti dúró lẹ́yìn Winston Tubman gẹ́gẹ́ bí igbákejì, wọ́n sì pàdánù. Ní 2014, láàárín àsìkò tí àrùn Ebola ṣì ń pa wọ́n, ó du ipò sẹ́nétọ̀ fún agbègbè Montserrado, ó sì fi ìdá 78 nínú ọgọ́rùn-ún lu Robert Sirleaf, ọmọ Ààrẹ tó wà lórí àga. Ìgbà tó fi máa di ọjọ́ 26 oṣù Kejìlá 2017, nígbà tó fi 61.5 borí Joseph Boakai, ọdún 12 ti kọjá lórí ìgbìyànjú àkọ́kọ́. Àwọn ìpele tó fò dá ní 2005 náà ló padà lọ gùn lọ́kọ̀ọ̀kan. Ìgbà àkọ́kọ́ láàárín ọdún 73 sì nìyí tí Ààrẹ kan tí ará ìlú yàn fi àga sílẹ̀ ní ìrọ̀rùn fún òmíràn tí wọ́n yàn ní Làìbéríà.

Ìjọba rẹ̀ wá ńkọ́? Ó ní kí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ má san owó iléèwé mọ́ ní àwọn yunifásítì ìjọba. Ìyẹn dára, bó tilẹ̀ jẹ́ pé owó tí yóò gbé e ró kò rọrùn rí. Ní ọjọ́ 7 oṣù Kẹfà 2019, ẹgbẹẹgbẹ̀rún èèyàn jáde sí ìgboro Monrovia nítorí ọ̀wọ́n gógó àti ìwà ìbàjẹ́, àwọn tálákà tó sì dìbò fún un wà láàárín wọn. Ní 2022, ìjọba Amẹ́ríkà fi òfin de mẹ́ta nínú àwọn òṣìṣẹ́ ìjọba rẹ̀ lórí ẹ̀sùn ìbàjẹ́. Ní ìparí ọdún kan náà ó fi orílẹ̀-èdè rẹ̀ sílẹ̀ fún ohun tó ju oṣù kan lọ, ó sì dúró ní Qatar wo Timothy ọmọ rẹ̀ tó ń gbá bọ́ọ̀lù fún Amẹ́ríkà, ọmọ náà sì gbá ayò wọlé nínú ìfẹsẹ̀wọnsẹ̀ wọn pẹ̀lú Wales. Bàbá wo ni kò ní lọ? Ṣùgbọ́n Ààrẹ wo ló yẹ kó pẹ́ tó bẹ́ẹ̀? Òkìkí pápá tó gbé e wọlé ló tún fà á kúrò nílé.

Ní oṣù Kọkànlá 2023, Boakai fi 50.64 sí 49.36 gba àga náà lọ́wọ́ rẹ̀. Ìyàtọ̀ wọn lé díẹ̀ ní ìbò 20,000. Kí wọ́n tó ka ìbò tán ni Weah ti tẹ Boakai láago, ó kí i kú oríire. Ẹ rántí ọdún tí à ń wí: àwọn ológun gba Niger ní oṣù Keje, wọ́n gba Gabon ní oṣù Kẹjọ. Bí ẹnikẹ́ni bá bi mí pé kí ni àǹfààní agbábọ́ọ̀lù lórí àga, ìpè fóònù yẹn ni màá kọ́kọ́ tọ́ka sí. Ẹni tó ti pàdánù níwájú 80,000 èèyàn ní San Siro mọ bí wọ́n ṣe ń bọ alátakò lọ́wọ́ lẹ́yìn fèrè ìkẹyìn. Mi ò sọ pé gbogbo eléré ló ní i. Idi Amin gba àmì ẹ̀yẹ ẹ̀ṣẹ́ kíkàn ní Uganda fún ọ̀pọ̀ ọdún, a sì mọ bí tirẹ̀ ṣe parí. Imran Khan tó gba ife ẹ̀yẹ kíríkẹ́ẹ̀tì àgbáyé fún Pakistan ní 1992 dá ẹgbẹ́ òṣèlú sílẹ̀ ní 1996, ó lo ọdún 22 kó tó di olórí ìjọba, wọ́n yọ ọ́ ní 2022, ẹ̀wọ̀n ló sì bá ara rẹ̀ ní 2023.

Kí a má ṣe bí ẹni pé Nàìjíríà kò ní ìtàn tirẹ̀. Nnamdi Azikiwe ń sáré, ó ń kan ẹ̀ṣẹ́ nígbà tó wà ní Amẹ́ríkà. Ó fẹ́ ṣojú Nàìjíríà ní ìdíje àwọn ilẹ̀ ọba Gẹ̀ẹ́sì ní 1934, wọn kò gbà fún un. Ọgbẹ́ yẹn kò san. Ní 1938 ó dá Zik's Athletic Club sílẹ̀ ní Èkó, nígbà ogun àgbáyé kejì ẹgbẹ́ agbábọ́ọ̀lù náà sì ń rìn káàkiri Nàìjíríà, bọ́ọ̀lù lójú agbo, ọ̀rọ̀ òmìnira lẹ́yìn rẹ̀. Ṣáájú kí ẹnikẹ́ni tó mọ Weah, Zik ti mọ̀ pé pápá ìṣeré ni ibi tó rọrùn jù láti kó èrò jọ láìgba ìwé àṣẹ ìpàdé òṣèlú.

Èyí tó burú jù ni ti Emmanuel Ifeajuna. Ní Vancouver lọ́dún 1954, ó fò sókè ní mítà 2.03, ó sì di adúláwọ̀ àkọ́kọ́ láti Áfíríkà tó gba góòlù nínú ìdíje àwọn ilẹ̀ ọba Gẹ̀ẹ́sì náà. Bàtà ẹsẹ̀ kan ṣoṣo ló wọ̀ fò ó. Wọ́n tẹ àwòrán rẹ̀ sẹ́yìn ìwé tí àwọn ọmọ iléèwé fi ń kọ iṣẹ́. Ó wá kàwé ní Ìbàdàn, ó wọ iṣẹ́ ológun, ó sì di ọ̀kan lára àwọn ọ̀gágun kéékèèké tó ṣe ìdìtẹ̀gbàjọba ọjọ́ 15 oṣù Kìn-ín-ní 1966, èyí tó gba ẹ̀mí Balewa ní Èkó àti Akíntọ́lá ní Ìbàdàn. Ní ọjọ́ 25 oṣù Kẹsàn-án 1967, ìjọba Biafra yìnbọn pa á ní Enugu pẹ̀lú Victor Banjo, ọmọ Yorùbá, lórí ẹ̀sùn pé wọ́n fẹ́ dojú ìjọba Ojukwu dé. Òkìkí rẹ̀ pọ̀, orí rẹ̀ pé, ṣùgbọ́n ìbọn ló fi wọ òṣèlú.

Dick Tiger tó ń kan ẹ̀ṣẹ́ ńkọ́? Ní ọjọ́ 10 oṣù Kẹjọ 1963, pápá ìṣeré Liberty ní Ìbàdàn kún fọ́fọ́ nígbà tó na Gene Fullmer, tó sì di àmì ẹ̀yẹ àgbáyé rẹ̀ mú. Irú ìjà bẹ́ẹ̀ kò wáyé rí ní ilẹ̀ adúláwọ̀ Áfíríkà. Ọbabìnrin Gẹ̀ẹ́sì fi oyè MBE dá a lọ́lá. Nígbà tí ogun abẹ́lé dé, ó dúró ti Biafra, ó wọ iṣẹ́ ológun wọn, ó sì dá oyè náà padà sí Lọ́ńdọ̀nù ní 1969. Lẹ́yìn ogun ó padà wálé, àìsàn sì mú un lọ ní 1971, ní ẹni ọdún 42. Àwọn méjèèjì yìí ni mo fi ń dá àwọn tó ń sọ pé eléré Nàìjíríà kì í bá ìlú sọ̀rọ̀ lóhùn.

Àwọn tó wà lẹ́yìn wọn gba ọ̀nà pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́, ọ̀nà náà sì ṣókí. Adokiye Amiesimaka, tó kàwé òfin ní Yunifásítì Èkó tó tún ń sáré létí pápá fún Green Eagles, di agbẹjọ́rò àgbà ìpínlẹ̀ Rivers. Daniel Amokachi di olùrànlọ́wọ́ pàtàkì fún Ààrẹ Buhari lórí eré ìdárayá ní 2020. Ipò tí wọ́n fi èèyàn sí ni méjèèjì. Ẹni tó fi ọ́ síbẹ̀ ló lè yọ ọ́. Peter Rufai, amúlé Super Eagles, ọmọ ọba Ìdìmù ni. Nígbà tí bàbá rẹ̀ wàjà ní 1998, wọ́n pè é wálé nítorí àga bàbá rẹ̀, ó ní rárá, ó padà sídìí ilé tó ń ṣọ́.

Ṣẹ́gun Ọdẹ́gbàmí ló gbìyànjú jù lọ. Ní ọjọ́ 22 oṣù Kẹta 1980, ní àṣekágbá ife ẹ̀yẹ Áfíríkà ní Sùúrùlérè, ó gbá méjì wọlé, Mùdá Lawal gbá ẹ̀kẹta, Algeria kò rí ẹyọ kan. Ẹni tó kàwé ìmọ̀ ẹ̀rọ ní Pólì Ìbàdàn ni, tí wọ́n ń pè ní Mathematical, tó ń kọ̀wé sí ìwé ìròyìn bí ẹni ń mí. Ẹ̀sùn àìkàwé kò ràn án. Ó jáde du ipò gómìnà ìpínlẹ̀ Ògùn fún ìdìbò 2019 lábẹ́ ẹgbẹ́ Labour. Dàpọ̀ Abíọ́dún ti APC ló wọlé pẹ̀lú ìbò 241,670. Ẹni tó ṣe ipò kejì, Adékúnlé Akínladé ti APM, gba 222,153, gómìnà tó ń lọ, Ìbíkúnlé Amósùn, ló sì wà lẹ́yìn rẹ̀. Agbára ẹgbẹ́ ńlá dojú kọ agbára gómìnà tó wà lórí àga. Ayò méjì tí gbogbo Nàìjíríà rántí fún ogójì ọdún kò ní àyè láàárín wọn.

Nílé wa ní Ọ̀ṣun, àwọn èèyàn á ní òkìkí ń ṣiṣẹ́, wọ́n á tọ́ka sí Gómìnà Adémọ́lá Adélékè, sẹ́nétọ̀ oníjó. Mi ò gbà. Ijó náà dùn, ó sì fà wá mọ́ra, ṣùgbọ́n bàbá rẹ̀, Ayọ̀ọlá Adélékè, ti jẹ́ sẹ́nétọ̀ ní ìjọba alágbádá kejì. Ẹ̀gbọ́n rẹ̀, Ìsìákà, ni gómìnà alágbádá àkọ́kọ́ ní Ọ̀ṣun, orí àga sẹ́nétọ̀ ló sì wà tó fi kú ní oṣù Kẹrin 2017. Àga yẹn ni Adémọ́lá kọ́kọ́ jókòó lé ní oṣù Keje ọdún náà. Ìbò 255,505 sí 255,023 ni wọ́n fi kéde pé ó pàdánù ipò gómìnà ní 2018, lẹ́yìn àtúndì ìbò tó dé Gúúsù Ifẹ̀ àti Àríwá Ifẹ̀. Ó padà wá ní 2022, ó borí. Ẹ yọ ijó kúrò níbẹ̀, ilé Adélékè ní Ẹdẹ ṣì wà. Ẹ yọ ilé náà kúrò, kí ẹ fi ijó nìkan sílẹ̀, ẹ wo ibi tí yóò dé.

Òfin ilẹ̀ wa kọ́ ló dí eléré lọ́nà. Ìwé ẹ̀rí girama tàbí ohun tó bá a dọ́gba ni wọ́n béèrè lọ́wọ́ ẹni tó fẹ́ jẹ gómìnà tàbí Ààrẹ, àní òfin tí Buhari fọwọ́ sí ní oṣù Karùn-ún 2018 ti sọ ọjọ́ orí ẹni tó fẹ́ wọ ilé aṣojú-ṣòfin di 25, ti Ààrẹ di 35. Ọjọ́ orí tí ọ̀pọ̀ agbábọ́ọ̀lù ń fẹ̀yìn tì gan-an nìyẹn. Ibi tó ti há ni gbólóhùn kékeré kan nínú ìwé òfin kan náà: kò sí ẹni tó lè díje láìjẹ́ pé ẹgbẹ́ òṣèlú kan gbé e kalẹ̀. Ẹgbẹ́ òṣèlú wá ní iye tí fọ́ọ̀mù jẹ́. Ní 2022, mílíọ̀nù 100 náírà ni APC ta fọ́ọ̀mù ipò Ààrẹ, mílíọ̀nù 50 fún gómìnà, 20 fún sẹ́nétọ̀, 10 fún ilé aṣojú-ṣòfin. Ti PDP dín, síbẹ̀ mílíọ̀nù 40 ni ti Ààrẹ. Ẹni tó bá gbowó ní Premier League lè san án. Ẹni tó gbá bọ́ọ̀lù fún Shooting Stars títí orúnkún rẹ̀ fi bàjẹ́ kò lè san ti káńsẹ́lọ̀ pàápàá.

Bẹ́ẹ̀ káńsẹ́lọ̀ ló yẹ kó jẹ́ Fort Thomas tiwa. Ẹ wo ohun tí a fi ìjọba ìbílẹ̀ ṣe ní Ọ̀ṣun. Ní oṣù Kejì 2025, alága méjì-méjì bẹ̀rẹ̀ sí í pe ara wọn ní alága káńsù kan ṣoṣo, àwọn ti APC ní ilé ẹjọ́ kò-tẹ́-mi-lọ́rùn ti dá wọn padà, àwọn ti PDP ní àwọn ni wọ́n dìbò yàn ní ọjọ́ 22 oṣù náà. Ẹ̀mí ṣòfò. Àwọn òṣìṣẹ́ jókòó sílé, ìjọba àpapọ̀ sì di owó káńsù mú, lẹ́yìn tí ilé ẹjọ́ tó ga jù ti pàṣẹ ní oṣù Keje 2024 pé kí owó náà máa lọ tààrà sọ́wọ́ wọn. Ọ̀dọ́ eléré ìdárayá kan ní Ifẹ̀, tó kọ́ eré ní pápá Oduduwa College tàbí ti OAU, tí gbogbo Ìlárè mọ orúkọ rẹ̀, ibo ni kó ti kọ́ bí wọ́n ṣe ń ṣètò ìlú? Ọ̀nà tí a mọ̀ sí òṣèlú níhìn-ín ni ti òfin, ti ẹgbẹ́ akẹ́kọ̀ọ́ OAU, ti oyè àti ti ìdílé. Ọba Adésọjí Adérẹ̀mí, Ọọ̀ni Ifẹ̀, pàápàá, tó di gómìnà adúláwọ̀ àkọ́kọ́ fún Ìwọ̀-Oòrùn ní 1960, ó ti ṣe akọ̀wé rélùwéè, ó ti ṣòwò, ó sì ti lo ọgbọ̀n ọdún lórí ìtẹ́.

Didier Drogba ló jẹ́ kí ibi tí ìṣòro náà fìdí sí hàn sí mi kedere. Ní oṣù Kẹwàá 2005, lẹ́yìn tí Ivory Coast lu Sudan ní Omdurman, tí wọ́n sì yege fún ife ẹ̀yẹ àgbáyé àkọ́kọ́ wọn, ó kúnlẹ̀ níwájú kámẹ́rà pẹ̀lú àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀, ó bẹ àwọn tó ń jagun pé kí wọ́n sọ ohun ìjà kalẹ̀. Ní oṣù Kẹfà 2007, ikọ̀ náà lọ gbá bọ́ọ̀lù ní Bouaké, olú ìlú àwọn ọlọ̀tẹ̀, wọ́n sì fi márùn-ún lu Madagascar. Kì í ṣe òun nìkan ló parí ogun náà, àwọn tó ń sọ bẹ́ẹ̀ ń pọ́n ọn ju bó ṣe yẹ lọ, ṣùgbọ́n mínísítà wo ló ṣe tó ìyẹn? Ní 2022 ó wá du ipò ààrẹ àjọ bọ́ọ̀lù orílẹ̀-èdè rẹ̀. Ipò kẹta ló ṣe, Idriss Diallo ló wọlé. Kì í ṣe ará ìlú ló dìbò, àwọn olórí ẹgbẹ́ agbábọ́ọ̀lù ni. Àwọn èrò Abidjan ì bá gbé e wọlé kí ilẹ̀ tó mọ́.

Weah gba àga lọ́wọ́ gbogbo ìlú, Drogba pàdánù tirẹ̀ lọ́wọ́ dẹ́lígéètì. Ní 2022, Nàìjíríà náà fi dẹ́lígéètì sí ẹnu ọ̀nà. Òfin ìdìbò 2022 fi àyè sílẹ̀ fún kí gbogbo ọmọ ẹgbẹ́ dìbò abẹ́lé, fún kí àwọn aṣojú dìbò, tàbí kí wọ́n fohùn ṣọ̀kan mú ẹnì kan. Àbá tí àwọn aṣòfin kọ́kọ́ gbé lọ bá Buhari ní 2021 sọ ìdìbò gbogbo ọmọ ẹgbẹ́ di dandan, kò fọwọ́ sí i. Nígbà tí ó di oṣù Karùn-ún àti oṣù Kẹfà 2022, APC àti PDP kó dẹ́lígéètì wọn jọ sí Abuja láti yan ẹni tí yóò du ipò Ààrẹ. Bí àwọn ọlọ́kadà Sábó àti àwọn alátẹ Ọjà Ifẹ̀ ṣe ń pariwo orúkọ agbábọ́ọ̀lù kan kò lè dé inú gbọ̀ngàn yẹn.